Ọ̀rá Dúdú àti Àpótí Ẹ̀gbọ́n Mi

N kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ariwo, ṣùgbọ́n lọ́dún tí ìjọba ti ibodè pa, ìdákẹ́jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ayétòrò ni mo ti ń ta búrẹ́dì, ọṣẹ, súgà àti nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti wáṣẹ́ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ń retí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n wà nílé ọkọ lọ́hùn-ún, ní apá Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọjá ibodè wá, agbọ̀n lórí.

Agbọ̀n yẹn ló máa ń dá ìjà wa sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìjọba ti fòfin de ọ̀rá tí a fi ń di ọjà. Bí aṣọ́bodè wọn bá rí i lọ́wọ́ rẹ, á gbà á, ìwọ á wá máa ṣa ọjà rẹ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ káńtà, wọ́n á nawọ́ sí gọ́tà tí ọ̀rá dúdú ti dí, wọ́n á bi mí pé ṣé ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń gbin ọ̀rá ni. Èmi á ní ìjọba tiwọn ló le jù, pé bí èèyàn bá sanwó díẹ̀ lórí ọ̀rá, á mọyì rẹ̀, kò ní sọ ọ́ nù. Bí a ṣe ń jà ni a ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dìde, ọjà á ti máa tú.

Bí ibodè ṣe di títì, gbogbo nǹkan gbówó lórí, ọ̀rá náà ò gbẹ́yìn. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí oníbàárà máa sanwó ọ̀rá. Mo rò pé mo gbọ́n. Àṣé lójú àwọn èèyàn wa, ọ̀rá wà lára èènì, ìyẹn díẹ̀ tí a máa ń bù kún ọjà kí ara oníbàárà lè yá. Wọ́n gbà pé èènì wọn ni mo gbà padà. Bàbá kan ládùúgbò, tó máa ń ra búrẹ́dì láràárọ̀, tó sì máa ń jókòó sọ ìròyìn rédíò fún mi, wo ọ̀rá tí mo fi kọ́ ìṣó, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ki búrẹ́dì sábẹ́ abíyá, wọ́n lọ. Wọn ò wá mọ́. Àwọn tó lówó sanwó, wọ́n sì ń ju ọ̀rá sí gọ́tà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín.

“Mú un kúrò pátápátá, àbúrò mi,” ni wọ́n wá sọ. “Ohun tí kò bá sí, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ bínú sí ọ. Èyí tó wà níbẹ̀, tí wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó mú un, òun ló ń dunni.”

Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú ọ̀rá kúrò lórí ìṣó. N kò tà á mọ́, n kò sì fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Àwọn oníbàárà kùn, wọ́n sì ń gbé abọ́ àti àpò wá láti ilé. Kò pẹ́ tí bàbá náà fi padà dé pẹ̀lú àpò tí wọ́n fi ṣòkòtò àlòkù rán. Mo fi bisikíìtì ṣe èènì fún bàbá náà. Wọ́n fẹ́ jókòó sórí àpótí, mo ní ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, mo sì wá àga mìíràn fún wọn.

Àárò ẹ̀gbọ́n mi ń sọ mí gan-an, síbẹ̀ n kò bá wọn bínú. Ọ̀nà ti di títì, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i? Ìjọba ni àwa méjèèjì jọ ń bú lórí fóònù, ìyẹn pàápàá ń tù mí nínú.

Nígbà tó yá, ibodè ṣí. Mo nu àpótí, mo ra ẹ̀pà sílẹ̀. Ọjọ́ ọjà kan kọjá, òmíràn kọjá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní owó ọkọ̀ ti wọ́n jù, pé àwọn ti ń ná ọjà kan nítòsí ilé, pé tó bá rọrùn àwọn á yọjú.

“Kò burú, Ẹ̀gbọ́n,” ni mo sọ. “Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.”

Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀nà fi wà ní títì, n kò sunkún. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó dí wa lọ́nà ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló kúkú ti sọ fún mi pé èyí tó wà níbẹ̀, tó ń béèrè owó, ló ń dunni; ọ̀rọ̀ ọ̀rá ni mo pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá náà na àpò sí mi fún búrẹ́dì. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí àpótí.