Má Pa Á

Òórùn ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró, kì í ṣe orin. Mo ń ti ọjà Powis Street ní London bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, iṣu àti ẹja gbígbẹ wà nínú àpò lọ́wọ́ mi, mo sì ń gun àtẹ̀gùn ilé wa tí ó kọjú sí adágún Southmere, nígbà tí òórùn eruku tí ń jó lórí gíláàsì gbígbóná pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà Fẹ́mi, ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó múlé tì mí. Ní òdìkejì adágún, katakata ẹlẹ́nu irin ń wó àwọn ilé kọnkéré àtijọ́. Ó ń bu ògiri jẹ bí ajá ti ń fọ́ eegun, àwọn ọ̀pá irin sì ń tú jáde nínú ògiri bí ìfun ẹran. Ariwo yẹn tó láti lé gbogbo ìrántí kúrò lórí ẹni, ṣùgbọ́n imú kì í dúró de ìdákẹ́jẹ́ kí ó tó rántí ohun tí ó mọ̀.

"Mọ́mì, wọlé, wá wo nǹkan," ni Fẹ́mi wí.

London yìí ni wọ́n bí i sí. "Ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sínú odò Thames kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí àga kan náà ni a jọ jókòó sí ní kíláàsì. Mo ti dárí rẹ̀ jì í tipẹ́, nítorí kò rí ẹrù lọ́wọ́ mi rí kí ó má gbà á. Lórí tábìlì rẹ̀ ni áńpílífáyà àtijọ́ kan wà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn orin di ńlá, àpótí irin wíwúwo tí a to àwọn gílóòbù gíláàsì sí lẹ́yìn, pupa rẹ́súrẹ́sú sì ti ń yọ nínú wọn.

"Ó dàgbà jù mí lọ," ni ó wí, "but ohùn ẹ̀, Mọ́mì, ó ní body. Dúró ná, ó ń warm up. O ò lè rush ẹ̀."

Mo jókòó, mo gbé àpò iṣu lé itan. Mo mọ ohun tí à ń dúró dè ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi ìka kan pe orin jáde láti inú fóònù, ẹ fún mi láyè kí n mú yín lọ sí agboolé wa ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn. Yàrá yí àgbàlá ká, kànga wà láàárín, òórùn ọṣẹ dúdú àti èéfín igi kì í sì í tán nínú aṣọ wa. Yàrá tí ó sún mọ́ kànga jù lọ ni ti Bàbá Sìdí, àbúrò bàbá mi, alápatà ní odò ẹran. Ọkùnrin náà ga, ó gbórín, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í gbẹ tán léèkánná rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e. Ó gbá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan létí débi pé etí ọmọ náà kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Àgbò kan kàn án lọ́jọ́ kan, ó gbá àgbò náà létí pẹ̀lú, àgbò sì jókòó.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó máa ń jẹ jù nínú ìyà náà. Ìyá Sìdí tín-ín-rín, ó ń po ọṣẹ tà, ó sì máa ń kọrin lábẹ́ imú. Ọkọ rẹ̀ lù ú nídìí àdògán lọ́jọ́ kan títí eyín rẹ̀ kan fi bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà. Sìdí, ọmọ wọn, ni ó fi ìgbakọ wá eyín náà jáde. Ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Bí lílù bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá àgbà agboolé a yí wọn ká, wọn a máa ké pé, "Má pa á! Má pa á!" Gbólóhùn yẹn ti mọ́ wa létí ju orúkọ ẹlòmíràn nínú wa lọ. Àwọn bàbá a pe ìpàdé, wọn a jẹ obì, wọn a sì tú ká.

Sìdí ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ń lo ọwọ́ òsì, ó máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, ó sì lè fi imú kọ orin gòjé débi pé ẹni tí kò rí i a máa wá olórin kiri.

Ibi tí áńpílífáyà ti wọlé nìyí. Òyìnbó kan tí ń ra ẹran lọ́wọ́ Bàbá Sìdí ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àwo orin ń yí lórí rẹ̀ àti gbohùngbohùn onípákó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Sìdí gbé àwo gòjé kan lé e, ó yí bọ́tìnnì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un yí. Ó gbà pé òyìnbó ti fi òun ṣe ẹlẹ́yà, ó sì gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè láti fọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ́ náà ṣì wà lókè nígbà tí àwọn gílóòbù pọ́n bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, tí gòjé sì dún jáde. Ọkùnrin náà dúró bí ère. Nígbà tí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin. Èmi àti Sìdí rí i láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹlòmíràn tí ó dá ọwọ́ yẹn dúró lófurufú rí.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ gbọ́ orin, yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, yóò yí bọ́tìnnì, yóò jókòó, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún de ìgbà tí gíláàsì yóò gbóná. Ta ni ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ kí ó máa lu ènìyàn? Ẹ jẹ́ kí n sì sọ ohun tí ó wà nínú ohùn náà, nítorí òun ni Fẹ́mi àti irú rẹ̀ ń wá kiri lónìí. Ó ní ara. Bí olórin bá mí, ẹ ó gbọ́ èémí rẹ̀. Gòjé kì í gún ẹni létí. Ó máa ń dà sára ẹni bí epo pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Bí a bá sì yí i sókè jù, kì í ké. Ohùn rẹ̀ a kàn wúwo sí i, a há díẹ̀, bí ti àgbà tí inú ń bí tí kò fẹ́ kí àlejò mọ̀. Alápatà tí kì í ṣẹ́jú bí ó bá ń dúńbú màlúù a máa sunkún níwájú ẹ̀rọ yẹn.

Ìyá Sìdí rí ohun tí gbogbo wa rí, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó rí i lò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi èrè ọṣẹ ra àwo orin sákárà pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, bí ẹni ń ra oògùn ibà sílé de òjò. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá wọlé pẹ̀lú ojú tó le, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo tuntun kan dé, a kò tíì gbọ́ ọ." Ọkùnrin náà a mí gúlegúle bí akọ màlúù, a sì béèrè omi àti ọṣẹ. Bí gílóòbù bá ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ń tutù. Ó di àṣírí àwọn obìnrin nídìí kànga. Ọ̀kan a bi í pé, "Ṣé ó ti gbóná?" Ìyá Sìdí a dáhùn pé, "Ó ti gbóná, ara sì tutù." Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a fa omi wọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni rédíò kékeré oníbátìrì dé. Bàbá Sìdí so ó mọ́ ọrùn, ó ń gbé e lọ sí odò ẹran. Ẹ̀rọ yẹn kò ní gíláàsì, kò ní ooru, ó tutù bí ẹnu òkú. Bí a bá sì ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti ń pariwo. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pè é, orúkọ náà sì yẹ ẹni tí ó gbé e kọ́rùn pẹ̀lú. Bàbá mi ní ọ̀làjú dé. Ìyá Sìdí ń wò ó bí ẹni ń wo orogún.

Ọ̀sán kan, àwọn wolé-wolé ìjọba tí ń ṣọ́ ìmọ́tótó sọ pé ẹran Bàbá Sìdí ti bàjẹ́, wọ́n sì da kẹrosíìnì sí i lójú àwọn oníbàárà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Sìdí mú ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó rìn dé ilé, rédíò ń ké láyà rẹ̀. Ìyá Sìdí ń gún iyán. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo tuntun kan…"

"Àwo wo? Ìwọ ò rí orin lọ́rùn mi ni?"

Ó ta odó nípàá, iyán dà sílẹ̀. Ó fi èèkù ọ̀bẹ gbá a níwájú orí, iwájú orí là, ẹ̀jẹ̀ sì kán sórí iyán funfun. Ó wọ́ ọ yí kànga ká. Àwọn ìyá àgbà jáde, "Má pa á! Má pa á!" Nígbà náà ni Ìyá Sìdí dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́, tí ó sì là á mọ́ ọkọ rẹ̀ láyà, níbi tí rédíò ti ń sọ̀rọ̀ gan-an. Rédíò fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ kú sí i lẹ́nu.

Bàbá Sìdí wo àfọ́kù náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sókè. Ìyá àgbà wa dì mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ìyá àgbà sì fi ìhà lu ètè kànga. Kò sẹ́ni tó tún ké.

Sìdí ni mo dì lọ́wọ́ mú láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ọwọ́ kankan nínú ọwọ́ mi. Láti inú yàrá, bọ́tìnnì dún ṣáká, ariwo kékeré kan sì tẹ̀ lé e, hùn-ùn-ùn, ti irin tí ń jí. Bàbá Sìdí gbọ́ ọ. Orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀bẹ ṣì wà lókè. Gbogbo agboolé dúró de gíláàsì.

Gòjé dún.

Ara rẹ̀ ti kọ́ ọ ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí a pè lórúkọ, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rìn lọ sí ìdí garawa, ó sì fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Ìfófó ọṣẹ pọ́n. Ó wọlé, ó jókòó, ó fi ọwọ́ lé orúnkún.

Sìdí yọ sí mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ti fi ìborùn di iwájú orí. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹnu kàn mí létí, ó ní, "Má pa á." Wọ́n sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mo wọ yàrá náà. Bí àwo bá ti fẹ́ parí, n ó gbé abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Sìdí kò wò mí, ojú rẹ̀ wà lára iná pupa inú gíláàsì. Mo ń gbé abẹ́rẹ́ padà títí ìyá àgbà wa fi yọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì mi orí sí mi pé ọkọ̀ tí Sìdí àti ìyá rẹ̀ wọ̀ ti ṣí.

"Ìyá Sìdí dà?" ni Bàbá Sìdí béèrè nígbẹ̀yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń fẹ́ èsì. Kò rí i gbà, lọ́dọ̀ mi tàbí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, títí ó fi kú. Àwọn kan ní Èkó ni wọ́n lọ, àwọn mìíràn ní Kúmásí. N kò fojú kan Sìdí mọ́.

Àgbàlá yẹn ti di ilé ìtajà báyìí, bí àwọn ilé òdìkejì adágún yìí náà yóò ti di nǹkan mìíràn. N kò ní tàn yín jẹ pé orin a máa tún ènìyàn ṣe. Alápatà náà fẹ́ràn gòjé, ó sì tún fọ́ orí ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí òdòdó tí wọ́n so mọ́ òpó iná ládùúgbò wa, níbi tí ọmọ ẹlòmíràn ti ṣubú sí ojú ọ̀bẹ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn kan lọ, mo sì máa ń ronú nípa ìdúró kékeré yẹn, èyí tí ó tó fún ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ láti gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Katakata ti dákẹ́. Orin Fẹ́mi ti parí, gílóòbù ṣì ń pọ́n.

"Mọ́mì, ṣé o ti sùn ni? Ṣé kí n pa á?"

"Má pa á," ni mo wí.