Músílímátù, Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Gbé Dígí Kúrò Lójú Aṣọ

Ó dìgbà o, Músílímátù, àbúrò mi. Àwọn ọmọ rẹ ní kí n sọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ, wọ́n sì ń wo ojú mi bóyá omi máa bọ́ níbẹ̀. Kò ní bọ́. Ẹni tó gbọ́ bí o ṣe kérora lórí ẹní láti ìgbà òjò títí di ọyẹ́, tó bá tún ní kí o padà wá, ọ̀tá rẹ ni. Alihamudulilai, ara ti tù ọ́. Ara tu èmi náà.

Ìwọ ni tíṣà, èmi ò mọ̀ ju òfì lọ. Nígbà tí o fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí o máa bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. O gbé aṣọ tí ìyá wa hun lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí o mú mi lọ wò ó, ojú mi ti fọ́ tipẹ́. O ní, "Àǹtí mi, aṣọ ìyá wa ló wà níwájú yín yìí." Mo nawọ́, dígí ni mo bá. Mo ní, "Ojú mi ti dí tẹ́lẹ̀, o tún wá fi dígí dí mi lọ́wọ́?"

Láti ọjọ́ náà o ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Ọkùnrin kan tó máa ń wá láti Ìjagun lórí àga onítáyà sọ pé abẹ́ tábìlì tí ẹ pàtẹ nǹkan sí nìkan lòun ń rí; o ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ gbogbo tábìlì kúrú. O ní kí bíríkìlà fọ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, kó sọ ọ́ di gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gùn. O ta okùn mọ́ ògiri kí afọ́jú lè máa tọ̀ ọ́ lọ, o fi ìborùn di ojú ara rẹ láti dán an wò, o forí sọ ìlẹ̀kùn, o bú káfíńtà. Agídí rẹ máa ń sú èèyàn. Mi ò ní purọ́ torí pé o kú.

Nígbà tí o wá ní kí wọ́n gbé dígí kúrò lójú aṣọ, ìgbìmọ̀ tó ni ilé náà fárígá. Wọ́n ní ọwọ́ á ba aṣọ àtijọ́ jẹ́. O ní kí àlejò fọ ọwọ́, kó nu ún gbẹ, kó tó fi ìka kàn án jẹ́jẹ́. Wọ́n kọ̀. Àìsàn bá dá ọ dùbúlẹ̀. Ojoojúmọ́ lò ń bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé wọ́n ti gbà?" Mo mọ̀ pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí o lè lọ.

Mo ní kí Sàlámátù ọmọ rẹ mú mi lọ bá wọn. Alága ní kí wọ́n ṣí dígí, kí n fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n máa lọ sílé. Mo fọ ọwọ́, mo fi ìka tọ̀ ọ́. Kókó ìdí òwú ló ń họ mí lọ́wọ́. Àwòrán ọ̀nì tí ìyá wa hun sí i ò yọ sókè rárá. Mo ní, "Alága, ẹ̀yìn aṣọ lẹ kọ sí àlejò. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ lójú, tẹ́ ẹ tún wọ awò lé e, ẹ̀yìn aṣọ lẹ ti ń wò látọjọ́ yìí." Alága ní, "Ìyá, ẹ má bínú. A ò ní dá dígí padà."

Mo délé, mo ní, "Músílímátù, wọ́n gbà. Ìwọ ọmọ ahunṣọ tó sá fún òfì, ẹ̀yìn aṣọ ìyá wa lo gbé kọ́ síta." O rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé ọ. O ní, "Ṣé ẹ fọwọ́ kan ọ̀nì náà?" Mo ní wọ́n yí aṣọ padà, mo sì fọwọ́ tọ̀ ọ́ dé ìrù. O ní, "Ó dáa." O ò bi mí mọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀, o dákẹ́.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ọ. Sùn re o, àbúrò mi. Wọ́n ti gbà; máa sùn lọ.