Ilẹ̀ Onípákó Ilé Wa ní Agége

Kékeré ni mo wà, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, nígbà tí ilẹ̀ onípákó kọ́kọ́ sú mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá mi kọ́ sí Agége là ń gbé, pákó ìrókò ni wọ́n fi tẹ́ òkè rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, á ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun, fi èèpo àgbọn ha á, ká sì fi àdín nù ún títí á fi dán. Orúnkún wa á bó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nírú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àdín tán. Bùrọ̀dá lọ gba óìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò lọ́wọ́ mẹkáníìkì iwájú ilé wa, torí ó ti rí káfíńtà tó ń fi í kun igi nítorí ikán. Èmi tí mi ò lè bá èèyàn jiyàn, mo bá a kùn ún. Ó dán lóòótọ́. Àmọ́ pálọ̀ òkè tá a kùn yẹn làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn aláṣọ funfun, ti ń gbàdúrà nírọ̀lẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, sùtánà gbogbo wọn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bùrọ̀dá nawọ́ sí mi. Mi ò sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n nà, èmi náà ni mo fọ sùtánà mọ́kànlá. Màmá Àgbà ní, "Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tí ń ṣe."

Nígbà tó yá, bàbá wa fi kápẹ́ẹ̀tì oníròbà bo pákó náà mọ́lẹ̀. Bàbá ti kú báyìí, Bùrọ̀dá ló ń pàṣẹ. A ká kápẹ́ẹ̀tì, pákó dúdú kirikiri, ni Bùrọ̀dá bá lọ ra táìlì ní Abúlé Ẹ̀gbá.

Ó ní, "Tí pákó yìí ò bá mọ́ títí di Sátidé, mo máa tú gbogbo ẹ̀ dà nù."

Bẹ́ẹ̀ Màmá Àgbà ò ríran mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ pákó tó lọ sí ilé ìwẹ̀ àti èyí tó lọ sójú fèrèsé. Táìlì á yọ̀ wọ́n ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà fá óìlì ara pákó. Sáńpépà kan ò lè fá ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ kí óìlì tó dí i. Gbogbo ará ilé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa gbà mí nímọ̀ràn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, káfíńtà wá wò ó. "Igi yìí ṣì le dáadáa. Óìlì yìí nìkan ni wàhálà. Ta ló kùn ún?"

Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ẹ bi àbúrò mi."

Inú bí mi débi pé ẹnu mi là. "Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ gbé óìlì wá. Màmá ò ní rìn lórí táìlì. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín."

Màmá Àgbà wúkọ́ nínú yàrá, wọ́n ní, "Ṣẹ́gun, o gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

Ọjọ́ kejì ni Bùrọ̀dá kó táìlì padà lọ fún ẹni tó tà á. Ó dé, ó gba sáńpépà lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, àárọ̀ kan la fi ń fọ gbogbo òkè, inú á máa bí mi, mi ò ní sọ. Ní báyìí, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibi tó tó ẹní méjì la tíì fá. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ.