Oògùn Inú Kókó Ìró

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oníkẹ́míìsì kan jà ní Adéníji Adélé nítorí oògùn ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní, èmi ni mo sì ń ra oògùn oṣù kan fún wọn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, oṣù kì í tíì dé ìdajì tí wọ́n á fi ní ó ti tán. Mo ní ó dájú pé ọkùnrin yìí ń yọ níbẹ̀. Bí mo ṣe pa ìsọ̀ aṣọ mi dé ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ, mo pariwo lé e lórí dáadáa. Ó kàn ní, “Àǹtí, ẹ lọ bi màmá bí wọ́n ṣe ń lò ó.” Mo bi wọ́n. Wọ́n ní oògùn òde òní ò pọ̀ nínú ike ni.

Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnìkan kì í dá nǹkan jẹ. Ìyá Àgbà, ìyálé ìyá mi, ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, bí ìyá mi bá se ọbẹ̀, ẹran tó dára jù, abọ́ Ìyá Àgbà ló ń lọ. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, èémí Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n ti ní ikọ́ fée láti kékeré, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé a máa pàdánù wọn. A gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n fún wọn ní oògùn tí à ń fà símú, èémí wọn sì rọlẹ̀ díẹ̀. Dókítà wá bi wọ́n pé oògùn wo ni wọ́n ń lò. Ìyá Àgbà tú kókó etí ìró wọn. Oògùn ìyá mi ló wà níbẹ̀, wọ́n fi bébà wé e.

Mo yíjú sí ìyá mi.

“Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sọ pé ìyálé mi náà ní,” ìyá mi ní. “Kí ni mo fẹ́ dá a lò fún?”

“Màmá, àìsàn yín jọra lóòótọ́, ara yín ni ò jọra,” dókítà dá wọn lóhùn. “Èyí tó bá yín lára mu lè dí èémí mọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ̀yin náà ò sì lo tiyín pé.” Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá mi. Ó ti lọ sókè.

Ìyá mi bú sẹ́kún. “Yéè, mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa ìyálé mi!”

“Ìyàwó mi, dákẹ́,” Ìyá Àgbà sọ látorí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ̀jẹ̀ ẹ tún máa ga sí i.” Ẹ̀rín pa dókítà pàápàá.

Ní báyìí, kálukú ní oògùn tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì yẹn náà ni mo ti ń rà á, ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti rí mi. Láàárọ̀, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lánàá, Ìyá Àgbà ní ara àwọn ti le, àwọn fẹ́ sinmi oògùn.

“Ṣé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?” ìyá mi bi wọ́n. “Ó dáa. Bí ẹ ò bá lò ó, èmi náà ò ní lo tèmi.”

Ìyá Àgbà wò wọ́n títí, wọ́n pòṣé, wọ́n ju oògùn sẹ́nu. Ìyá mi gbé omi fún wọn, ìyá mi náà sì fi ìyókù gbé tiwọn mì. Ife kan náà ni wọ́n jọ ń lò.