Àkísà Pupa Lára Àpótí Ọ̀gá

Ohun tí ọ̀gá wa ṣe lónìí ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tí mò ń bá kó ẹrù ní Jẹ́dà máa ń ṣi ẹrù àwọn àlàájì gbé. Ni mo bá so àkísà pupa mọ́ ẹrù Mẹ́kà, funfun mọ́ ti Mẹ̀dínà. Kò sí èyí tó ṣìnà.

Ọ̀gá rí i, ó ní fún mi pé, "Ó dáa o, Àlàájì. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Kò sẹ́ni kankan, ọ̀gá."

"A ò ṣe é rí níbí. Tú u!"

Mo tú gbogbo ẹ̀.

Lọ́sàn-án, òun náà ń lọ sí Mẹ́kà. Ó gbé àpótí ẹ̀ wá. Àkísà pupa tí mo tú ló so mọ́ ọn!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ọ̀gá ríran dáadáa. Ta ló wá ń di ọ́fíìsì ẹ̀ lójú?