Oṣù Tí Àwọn Obìnrin Massè Kì Í Sọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé èèyàn dáadáa kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀: mo ń jowú àbúrò mi. Kì í ṣe owú kékeré tí èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bá mi jí, tó ń bá mi sùn. Ìyábùnmi ni orúkọ rẹ̀. Bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n, bàbá tirẹ̀ ni àbúrò, inú agboolé kan náà ní Kpoulou ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ọdún kan ni mo sì fi jù ú lọ. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní yunifásítì, dókítà àwọn aboyún tí oyún wọn le, ẹni tí àwọn dókítà yòókù ń sáré pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ju agbára wọn lọ. Èmi, agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ìgbèríko Massè. Ibùsùn ìbímọ méjì la ní, ọ̀kan nínú wọn ò sì dúró déédéé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò sì sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ o. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Bó bá ṣe pé wọ́n fi mí sílẹ̀ nílé tí wọ́n rán òun lọ sílé ìwé ni, ǹ bá rí ẹni bú. Àmọ́ orí bẹ́ńṣì kan náà la jókòó sí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà ńlá, tí mo fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Bàbá mi, Zacharie, olùkọ́ ni, ó sì máa ń dúró wò wá, á ní, "Rosine ló mọ̀wé jù nínú ẹ̀yin méjèèjì." Mo gbà á gbọ́. A jọ ṣe báàkì, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, a jọ yege. A jọ lọ ṣe ìdánwò láti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Cotonou. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀, tèmi ò sí. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìyábùnmi di ọwọ́ mi mú, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀." Ẹkún tó sun fún mi lọ́jọ́ yẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í.

Mi ò tún un ṣe. Mo lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, mo lọ́kọ sí Massè, mo bí ọmọ mẹ́ta. Òun ń gòkè ní tirẹ̀. Ó fi ọdún méje kọ́ ìṣègùn, ó tún fi ọdún mẹ́rin kọ́ ti àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà ó gba Dakar lọ láti kọ́ nípa ọmọ tó ṣì wà nínú ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bí ọmọ méjì. Wọ́n ní ó lè ki abẹ́rẹ́ gba inú ìyá kọjá, kó sì fún ọmọ inú ní ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, inú mi dùn fún ọmọ náà, inú mi sì bàjẹ́ fún ara mi, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó padà sí Cotonou, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi í ṣe olórí àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ìyá àti ọmọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, fádà kéde oyè rẹ̀ nínú Máàsì, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ikọ́ ni mo ń hú ní tèmi títí ariwo fi lọ sílẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún ló wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ilẹ̀kùn mi. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń kéré jù nígbà tí wọ́n bá bí wọn ní àgbègbè Adja-Ouèrè. Ó kó àwọn dókítà kéékèèké wá, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú wá. Ọ̀kan nínú wọn, Judicaël, ló ń bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè, bàtà rẹ̀ ń dán bíi pé kò mọ̀ pé erùpẹ̀ wà láyé. Ojú gbogbo wọn ni Ìyábùnmi ti kúnlẹ̀ kí mi, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Wọ́n ń wò ó bí ẹni pé, ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀. Èmi ń rò ó lọ́kàn pé, ìkíni lásán náà, ó tún mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Ó na ìwé ìbéèrè wọn sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn èèyàn wa. Ṣé nǹkan kan wà tí a ò béèrè bó ṣe yẹ?"

Mo kà á. Ìbéèrè kẹta ní: ọjọ́ wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn? Mo rí i, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, obìnrin kì í sọ iye oṣù tí oyún rẹ̀ jẹ́ gan-an. Ó máa ń yọ oṣù kan tàbí méjì kúrò, kí ojú kankan má baà ṣọ́ ọjọ́ tí yóò bí. Kò ní sọ òótọ́ fún ará ilé, kò ní sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Wọn kì í kọ́ ọmọdébìnrin ní nǹkan yìí. Ìgbà tí èèyàn bá lóyún àkọ́kọ́ ni àwọn ìyá ilé ọkọ máa ń pè é sí kọ̀rọ̀ sọ ọ́ fún un. Dakar ni Ìyábùnmi ti lóyún tirẹ̀, kò sí ẹni tó pè é sí kọ̀rọ̀ kankan. Èmi parọ́ fún agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí mi lórí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bó ṣe wá jẹ́ pé agbẹ̀bí lèmi náà, mo wá ọgbọ́n tèmi. Mi kì í béèrè ọ̀rọ̀ oyún. Ọ̀rọ̀ oko ni mo máa ń béèrè. Iṣẹ́ wo lo sá fún nígbà tí ara rẹ ò yá? Kí ló wà nínú oko nígbà tí nǹkan kọ́kọ́ mì nínú rẹ? Obìnrin tó ń fi oṣù pa mọ́ kì í ronú àtifi oko pa mọ́. Èmi yóò wá fi ìka kà á nígbà tó bá ti lọ.

Gbogbo èyí ló yẹ kí n sọ. Mo ká ìwé náà, mo dá a padà fún Ìyábùnmi. "Ó pé," mo wí. "Kò ku nǹkan kan."

Fún oṣù márùn-ún gbáko, Judicaël ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ kọ irọ́ sílẹ̀. Mo ń po tíì fún wọn, mo ń wò wọ́n, ó ń dùn mọ́ mi. Èrò mi ni pé lọ́jọ́ kan, nínú ìpàdé ńlá àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹnì kan yóò dìde, yóò ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí kò bára mu," ẹnu Ìyábùnmi yóò sì wọlé. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Mi ò ronú kan ikùn ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́, ní oṣù January, Ọ̀ṣunwùnmí wá. Ìyàwó Fádèyí tó ń dá ẹmu ni. Ọmọ kan ti kú mọ́ ọn nínú rí, nítorí náà kì í pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Judicaël bi í léèrè, ó wo ilẹ̀, ó ní oyún náà pé oṣù méje. Ìyábùnmi fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ wò ó. Ó wọn orí ọmọ, ó wọn itan rẹ̀, ó ní, "Ó bára mu. Bí ọmọ oṣù méje ṣe ń tóbi náà nìyí." Ó fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, mo gbé ọwọ́ lé ikùn Ọ̀ṣunwùnmí, mo sì bi í bí mo ṣe máa ń ṣe. "Iṣẹ́ wo lo sá fún?"

"Tàǹtí, àgbàdo tútù ni o," ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí ìyá ọkọ mi bá ti ń bọ̀ ọ́ báyìí, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń sá lọ, tí mo ń bì."

Ọwọ́ mi dúró lójú kan. Òpin oṣù June ni wọ́n ń bọ àgbàdo tútù ní Massè. Bó bá jẹ́ oṣù méje lóòótọ́, oyún náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nígbà yẹn, oyún ọ̀sẹ̀ méjì kì í sì í mú ẹnikẹ́ni bì. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù díẹ̀ kó pé. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wá ṣe kéré tó ti oṣù méje. Ibi ọmọ ò gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ebi ló ń pa á níbẹ̀, kò sì ní ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò fi dúró. Irọ́ ìyá àti ìyà ọmọ ti bára mu débi pé ẹ̀rọ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìyábùnmi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi, ó ń nu ẹ̀rọ rẹ̀. Mo la ẹnu. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe, yóò sì tún máa tàn lọ. Mo fẹ́ sọ òótọ́ tó burú jù fún yín: ó dùn mọ́ mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ èsì yẹn mọ́ ògiri, ohun kan wà nínú ikùn obìnrin tí èmi rí tí òun ò rí. Mo fẹ́ ní in fún ọjọ́ kan péré.

"Máa lọ sílé," mo wí fún Ọ̀ṣunwùnmí. "Lọ sinmi dáadáa." Ọkọ̀ Ìyábùnmi sì gba ọ̀nà Cotonou lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ní ọ̀la ni màá pè é. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí Máàsì, mi ò lè dìde gba ara Olúwa. Lọ́jọ́ Ajé, mo mú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní bóyá èmi ló ṣì í kà. Èmi tí mi ò ṣì í kà rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alùpùpù gbé Ọ̀ṣunwùnmí àti ìyá ọkọ rẹ̀ dé. Ojú ìyá náà ti le. Ó ní, "Tàǹtí, ọmọ yìí ò mì dáadáa mọ́ láti àná." Mo gbé fèrè tí agbẹ̀bí fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú lé ikùn rẹ̀. Ó ń lù, àmọ́ ó máa ń fà sẹ́yìn, á dà bíi pé kò ní padà, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo pe Ìyábùnmi lórí fóònù.

"Oyún Ọ̀ṣunwùnmí, oṣù mẹ́sàn-án ni, kì í ṣe méje."

Kò béèrè bí mo ṣe mọ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e wá báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dúró mú nǹkan kan. Mo ń bọ̀." Ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wa jù ló ti pàdé wa, òun náà ló ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọmọbìnrin ni. Kílò kan ó lé gíráàmù ọgọ́rùn-ún méje, ara rẹ̀ hunjọ bíi ti ìyá àgbà. Wọ́n ní láti fi aṣọ nu ún lára dáadáa kó tó ké.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyábùnmi bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Láàárọ̀ yìí," mo wí.

Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Mo wá tú ìyókù palẹ̀: oṣù tí wọ́n ń yọ, kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, ìbéèrè oko. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Oṣù márùn-ún ló ṣòfò yẹn. Ẹ kọ́ mi." A sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Igba obìnrin, láti Massè dé Tatonnonkon, èmi ń béèrè, Judicaël ń kọ. Kò tún nu bàtà mọ́ nígbà tó yá. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn oṣù tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ ni kò tọ̀nà. Nínú ìpàdé kan nílé ìjọba ìbílẹ̀, Ìyábùnmi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló là mí lójú." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Owú náà ò lọ o. Ìyìn tí mo rí gbà pàápàá, òun ló ni ín, òun ló fún mi.

Ní oṣù tó kọjá, iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó gbé e wá fún mi fúnra rẹ̀ sí Kpoulou, níwájú bàbá mi. Orúkọ mi ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Bàbá mi gba ìwé náà, ó ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta, omi lé sí i lójú. Lẹ́tà kéékèèké tó kù ò hàn sí i mọ́, ó ní kí n ka inú rẹ̀ fún òun, kí n máa túmọ̀ èdè àwọn dókítà yẹn sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ.

Mo ń kà, orí mi ń wú. Mo dé ojú ewé kẹrin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, nípa aboyún kan, agbẹ̀bí ti mọ iye oṣù gan-an lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sọ fún dókítà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́rin. Kò sí orúkọ níbẹ̀.

Mo gbé ojú sókè. Ìyábùnmi ń wò mí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó ní, "Ọ̀ṣunwùnmí ló sọ fún mi pé ẹ ti bi òun ní ìbéèrè oko lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ọjọ́ tí mo ń tú òwú ojú abẹ rẹ̀ ló sọ ọ́."

"O ti mọ̀ láti ìgbà yẹn, o sì tún fi orúkọ mi síwájú ìwé?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ẹ̀yin náà lẹ ni ọjọ́ mẹ́rin yẹn."

Bàbá mi ti ń yí lórí àga. "Rosine, kí ló dé tí o dákẹ́? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ìyábùnmi gbé ojú sí ẹnu ọ̀nà. Mo lè fo ìlà yẹn. Bàbá mi ò ní mọ̀ láéláé.

Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ, ó ṣépè, ó ní, "Irú agbẹ̀bí burúkú wo nìyẹn? Ta ni?"

"Èmi ni, Bàbá," mo wí.