Fìlà Tí Mo Fà Yọ Nínú Páìpù Balùwẹ̀ Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi àtàtà, mo gbẹ̀san lónìí, ara sì tù mí pẹ̀sẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni omi ìdọ̀tí fi kún balùwẹ̀ wa ní Ìfàkì, tí ìyá mi arúgbó ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Láàárọ̀ yìí, mo fa ṣùkù àgbàdo kan yọ nínú páìpù àtijọ́ tí omi ń gbà jáde. Fìlà ni wọ́n fi wé e, bí èdídí kèrègbè ẹmu. Fìlà Bàbá Dáre ni, aládùúgbò wa tí wọ́n ń ráhùn pé omi wa ń gba ẹnu ọ̀nà àwọn!

Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí àwo lọ bá wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àlejò wọn.

"Iyì àdúgbò, fìlà yín rèé."

"Fìlà mi tó sọnù! Ibo lo ti rí i?"

"Níbi uṣẹ́ tí ẹ rán an ni, bàbá. Ó ń dí páìpù wa."

Ìyàwó wọn ní, "Ṣebí ẹ ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́?"

Ẹ̀yin ọmọlúàbí, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé mo yájú?